Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tí ọkùnrin yìí ti ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Níbi iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tó ti ń wọn oògùn apakòkòrò sínú omi, Ọ̀gá Omi ni wọ́n ń pè é, ìyẹn sì tù ú lára. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá fi orúkọ inú ìwé pè é, àyà rẹ̀ a já.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ni orúkọ náà. Ẹ̀gbọ́n ló kàwé, òun náà ni lẹ́tà iṣẹ́ bá lórí ibùsùn àìsàn. Ọjọ́ kẹta ló kú. Àbúrò tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ wo lẹ́tà náà títí, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sin òkú, ó fi ìwé ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n há abíyá, ó sì lọ jẹ́pè. Wọ́n jọra bí ìbejì; ta ni yóò wádìí? Àwọn àgbà ní irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Tirẹ̀ ti fi mẹ́sàn-án lé e, ó ti ń rò pé òótọ́ ṣìnà.

Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì dá a dúró. "Ọ̀gá, obìnrin kan ń béèrè yín. Ó ní kí n ṣàpèjúwe ojú yín fóun."

Lọ́jọ́rú, ó tún dá a dúró. "Ó tún wá o. Ó mú fọ́tò kan dání."

"Fọ́tò ta ni?"

"Tiyín ni, sà. Ẹ ṣì kéré níbẹ̀ ni."

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti abọ́ oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣe é, ó ní inú ló ń run òun.

Lọ́jọ́ Ẹtì, obìnrin náà wọ yàrá ẹ̀rọ, ó kúnlẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ti kú kí wọ́n tó bí mi. Mo wá rí orúkọ yín lára àwọn tó fẹ́ fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Bàámi, kí la fi ṣẹ̀ yín?"

Ọ̀gá Omi kò mọ̀ rárá pé ẹ̀gbọ́n òun fi oyún sílẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi" dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì.

"Èmi kọ́. Àbúrò bàbá rẹ ni mí. Ó ti kú lóòótọ́."

Obìnrin náà dìde lórí ìkúnlẹ̀. "Màmá mi wá sàréè rẹ̀ títí, kò rí i. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé itẹ́ òkú kankan."

"Orúkọ tèmi ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Kò bú u, kò sunkún. Ó tẹ́ fọ́tò náà sórí tábìlì, ó sì gba ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Omi. Wọ́n ní àwọn ọlọ́pàá yóò wá a wá lọ́jọ́ Ajé. Ó délé, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ́ tán láìgbójú sókè.

Ìyàwó rẹ̀ dìde. Ó lọ kó ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá, ó tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Orúkọ òkú náà ló wà lára gbogbo wọn.

"Bàbá àwọn ọmọ," ó ní, "ta wá ni mo fẹ́?"