Abo Ehoro Tí À Bá Ti Sè

Díẹ̀ ló kù kí n fi ìyá ọlọ́mọ se ọbẹ̀ lónìí.

Mo gbé abo ehoro mi kékeré lọ bá akọ ńlá kan ní Ìsundùnrìn lóṣù tó kọjá, kí ọmọ wọn lè lẹ́ran lára. Mi ò rí àmì oyún kankan. Ewé tó ń jẹ ti ju ẹran ara rẹ̀ lọ.

Bàálé mi ti pọ́n ọ̀bẹ. Mo yọjú wo àgò, ehoro náà ń fi ẹnu tu irun àyà rẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ bí òwú.

"Bàbá Ṣèyí, ẹ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀! Ó ń tẹ́ ibùsùn ọmọ ni!"

"Kí la wá fẹ́ jẹ?"

"Ẹ jẹ ẹ̀fọ́."

Òwú yẹn ti ń mí báyìí. Ọmọ méje ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń wo ẹ̀yìn ilé, ó dà bíi pé ehoro ńláńlá ti kún ibẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló tún lè jẹ ìyá yìí?