Orúkọ Ọ̀fẹ́ Lórí Ìwádìí Fàrídà

Akínkúnlé Lágúnjú, olùkọ́ nípa ilẹ̀ oko ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìyẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí o bá kí i pé "Ẹ káàárọ̀", á kọ́kọ́ gbójú sókè wo oòrùn ná. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ ní Ìrẹmọ, ó ti ṣí ìbòjú ìyàwó kí pásítọ̀ tó ní kó ṣí i, kí wọ́n má baà fi àbúrò ìyàwó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi pásítọ̀. Pásítọ̀ náà ti kú.

Ọdún mẹ́tàlá ló ti ń dúró de oyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Iye ìwádìí tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ jáde kó tó gbà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yìí há a lọ́fun bí egungun ẹja. Láti ìgbà tó ti ń jókòó ti fáìlì àti ìpàdé, ọwọ́ rẹ̀ kò kan yẹ̀pẹ̀ mọ́, iṣẹ́ náà ò sì dùn mọ́ ọn mọ́.

Àfi lọ́jọ́ Túsìdeè kan tí ímeèlì wọlé: wọ́n ti tẹ ìwádìí kan jáde lórí oko kòkó ní Ìpetumodù. Orúkọ àkọ́kọ́ ni Fàrídà Ọ̀ṣúndáre, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ni ní ẹ̀ka wọn. Orúkọ kejì ni A. Lágúnjú.

Ó wo ojú fóònù títí. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà oko náà.

Nígbà tó fi han Bọ́látitó ìyàwó rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Tẹniọlá, ẹni tí ebi ń pa tí wọ́n gbé oúnjẹ fún, ṣé ó máa ń béèrè ẹni tó lọ ata ni?"

"Ó yẹ kó béèrè. Májèlé kì í pariwo."

"Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa jókòó lórí ìgbéga. Ẹ fi ìwé náà kún tiyín, ẹ jẹ́ kí wọ́n pè mí ní ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n kí n tó kú!"

Lọ́jọ́ kejì, ó pe Fàrídà sí ọ́fíìsì, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí ẹlẹ́rìí má baà wọ́n.

"Ta ló ní kí o fi orúkọ mi síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ṣé a máa ń se ẹran nínú ilé ká má bu ti bàbá sọ́tọ̀ ni?"

"Ìwé ìwádìí kì í ṣe ìṣasùn."

"Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

Gbogbo wa! Gbólóhùn yìí kó o láyà sókè. Ẹni tó bá ń pín orúkọ lọ́fẹ̀ẹ́ lè pín irọ́ náà. Ó dá a lójú pé ńṣe lọ́mọ yìí jókòó sílé, tó hùmọ̀ oko, tó hùmọ̀ àgbẹ̀. Bí àṣírí bá tú, irùngbọ̀n àgbà ni wọ́n á dì mú. Ó wọ mọ́tò, ó di Ìpetumodù. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà nítorí ọlọ́kadà kan tó ń tẹ̀ lé e. Ọlọ́kadà náà kàn ń lọ sílé rẹ̀ ni.

Ìwé náà ní ihò mẹ́rìndínlógún ni wọ́n gbẹ́ láti yẹ ilẹ̀ wò. Àgbẹ̀ arúgbó kan, Bàbá Èṣùbíyì, ló bá lóko.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ṣé ọmọbìnrin kan wá gbẹ́lẹ̀ níbí?"

Baba wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ta ló rán ọ? Ìjọba?"

"Mi ò bá ìjọba wá."

"Ohun tí ìjọba máa ń sọ náà nìyẹn."

Baba yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó tó dáhùn. "Ẹlẹ́sẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn? Òjò pa á, oòrùn pa á. Mo jìn sínú ọ̀kan nínú ihò rẹ̀, ìyàwó mi ti ń sunkún òkú."

Lágúnjú ka ihò náà: mẹ́rìndínlógún géérégé. Ó wọnú èyí tó jìn jù, ó fọwọ́ ra yẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Bí ìwé ṣe wí ló rí. Nínú àwọn méjì tó ni ìwé náà, ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ ká fura sí, ó sì wà nínú ihò, ó wọ táì.

Ó kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwádìí náà jáde kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò. Ọjọ́ Jímọ̀ kọjá, wọn ò pè é ní ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin ni Bọ́látitó ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Omi lé ròrò lójú Fàrídà nígbà tó gbọ́. "Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, sà?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Oko wo ló kàn?"

"Ọ̀nà Ẹ̀dúnàbọ̀n, sà. Ihò méjìlá."

"Fi mẹ́fà sílẹ̀ fún mi."

Ní Sátidé, ihò ti jìn dé ìbàdí rẹ̀, òógùn ń kán tótó, ó rọra ń kọrin. Ó wọn ihò náà, ó tún un wọ̀n.

"Sà, okùn ìwọ̀n yẹn náà la lò lánàá."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù," ni Lágúnjú wí, ó sì tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta.