Bàbá Á-Já àti Àwọn Òṣìṣẹ́ Ara Ògiri

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ àwòrán ńlá kan, bí àwọn èèyàn pàtàkì ṣe ń wọlé pẹ̀lú bàtà tó ń dán gbinrin, bíríkìlà tó ń dí ihò ara ògiri níbẹ̀ fi igbe ta: "Ẹ sọ fún ọkùnrin yẹn kó sọ̀kalẹ̀ o!"

Gbogbo ojú lọ sókè. Kò sẹ́ni lókè. Inú àwòrán kan ni ọkùnrin tó ń wí wà, lórí àkàbà, ó gbé búlọ́ọ̀kù lé èjìká.

"Wọ́n kàn yà á ni, bàbá," obìnrin kan sọ fún un.

"Mo mọ̀ pé wọ́n yà á. Okùn tí wọ́n fi so àkàbà yẹn ni kò dáa. Á já."

Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì gbígbó bọ́ síwájú, òun ló ya àwòrán náà. Kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. "Báwo ló ṣe yẹ ká so ó, ẹ̀gbọ́n?" Bíríkìlà yọ okùn nínú àpò irinṣẹ́, ó ta á ní kókó lójú rẹ̀. Ayàwòrán sọ àwòrán kalẹ̀, ó sì tún okùn yẹn yà lójú gbogbo àlejò. Bíríkìlà yẹ̀ ẹ́ wò, ó mí kanlẹ̀. "Ó lè máa báṣẹ́ lọ wàyí."

Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Bàbá Á-Já nìyẹn. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa pè é ní Bàbá Ajá, òun náà a sì dá wọn dúró lójú títì: "Á já ni mo wí! Okùn ló ń já, ajá ń gbó." Bó ṣe ń sọ ìtàn náà ni àkàbà ń ga sí i. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì fi máa ṣègbéyàwó, ọkùnrin inú àwòrán náà ti dé àjà kẹsàn-án.

Ayàwòrán yìí kì í ya ọba, kì í ya òdòdó. Àwọn tó ń ru ẹrù, tó ń fọṣọ, tó ń fọ́ òkúta ló ń yà. A máa gbẹ́ àwọn mìíràn sára pákó, a fi yíǹkì kùn ún, a sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Bàbá Á-Já bá a mọ ògiri yí ilé ká, ó ní àwòrán lòun á gbà dípò owó. Ó bá a tún òrùlé ṣe, àwòrán náà ni. Láàárín ogójì ọdún, ògiri ilé tirẹ̀ kò ṣeé rí mọ́.

Ọjọ́ kan ló yọ jígí ìyẹ̀wù, ó fi àwòrán obìnrin alágbàfọ̀ kan kọ́ síbẹ̀.

"Níbo ni kí n ti máa wojú mi?" ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Wo ti ẹni yìí. Bó ṣe rẹwà lo ṣe rẹwà."

Ìyàwó wò ó títí. "Eyín mẹ́ta ò sí lẹ́nu rẹ̀."

"Wò ó bí! Obìnrin ń rẹ́rìn-ín sí ọ, ìwọ ń ka eyín."

Ọ̀gá kan wá láti ilé ńlá tí ìjọba ń kó àwòrán pamọ́ sí, ó wọ ìbọ̀wọ́ funfun. Gbogbo rẹ̀ ló fẹ́ kó lọ.

"Ṣé ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì lè wọ ọ̀dọ̀ yín tòun ti bàtà iṣẹ́?" Bàbá Á-Já bi í.

"Ẹ̀ẹ́, bàbá, ilẹ̀ wa..."

"Kí ilẹ̀ yín máa jẹ́ tiyín, kí àwòrán mi máa jẹ́ tèmi."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá wá. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó bá a di àkàbà mú kí bàbá lè kan ìṣó àwòrán.

Nígbà tí bàbá kú, nọ́ọ̀sì pinnu láti pe ọ̀gá náà kó wá kó àwọn àwòrán náà. Láti kékeré lojú ti ń tì í pé ilé àwọn ò ní jígí. Àmọ́ kó tó pè é, ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó bá bàbá ṣiṣẹ́, kí wọ́n wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan.

Wọ́n dé terùpẹ̀ terùpẹ̀. Fìlà ń kúrò lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tó wà lára ògiri àti ojú tó ń wò ó jọra débi pé nọ́ọ̀sì wo ibí, ó wo ọ̀hún. Ilé tó dàgbà sí nìyí, kò rí i rí.

Ìyá arúgbó kan tó ti ru búlọ́ọ̀kù títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀ dúró níwájú àwòrán àwọn tó ń fọ́ òkúta. Ó wò wọ́n, ó wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí wọn.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì dúró bí ẹni tó ń retí kí bàbá òun dáhùn láti yàrá. Nígbà tí kò gbọ́ ohùn kankan, ó gbé àga wá fún ìyá náà.

"Oo, ẹ ṣé, mà," ó ní, ó nawọ́ sí àwọn tó wà lára ògiri. "Wọ́n ní ẹ kú iṣẹ́ náà."