Ìyá Rọra àti Àwa Tí Ń Rìn Létí Omi

Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ láàárín wa. Ìyá Rọra là ń pè é, nítorí “rọra” ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ó bá ti rí ẹni tó fẹ́ gbé ẹsẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé nínú ilé wa, èmi wà lókè, òun náà ló sì sọ mí ní Ìyá Òkè. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ẹ ó rí i nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí lára obìnrin yìí kò yẹ kó bá mi wọlẹ̀ lọ.

Aṣọ lílọ̀ ló fi ayé rẹ̀ ṣe. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan wà nítòsí ibùdó rélùwéè. Nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, níbi tí fèrèsé kò sí, ló ti ń lọ aṣọ ibùsùn àwọn àlejò láti ìgbà tó ti wà ní ọmọge títí irun rẹ̀ fi funfun. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dán bí ìsàlẹ̀ áyọ́ọ̀nù. Ìdúró ni iṣẹ́ náà, láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èèyàn kì í rìn níbẹ̀ ju kó yí láti ìdí tábìlì sí ìdí apẹ̀rẹ̀. Ó máa ń ní òun ti dúró dúró gbogbo ìran òun, kí ẹni tó bá tún fẹ́ dúró wá gba àyè. Yàrá rẹ̀ kéré, ó sì mọ́. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì nà tantan bí ẹni pé èèyàn kì í sùn síbẹ̀, bàtà méjì péré ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹrẹ̀ ara ọ̀kan gbẹ, ti èkejì ṣì tutù.

Bí ìrìn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ rè é. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì kan ń gbé ní òdìkejì òpópónà wa. Rọpárọsẹ̀ mú un lápá kan. Nígbà tó kúrò ní ilé ìwòsàn, dókítà ní kó máa rìn díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ti gbé èèyàn lọ tó gbé èèyàn bọ̀ ní gbogbo ìgboro kò fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí òun ti ń wọ́ ẹsẹ̀. Ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìyá Rọra lọ kàn án, ó ní òun fẹ́ dé bẹ́ńṣì àkọ́kọ́ létí odò, pé ẹ̀rù ajá ń ba òun láti dá lọ, kó jọ̀ọ́ kó sin òun. Irọ́ funfun báláú. Ajá ló ń sá fún un. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mú ọ̀pá rẹ̀, ó sin ín, wọ́n dé bẹ́ńṣì, wọ́n jókòó wo omi, wọ́n padà. Nígbà tó yá wọ́n dé bẹ́ńṣì kejì. Lẹ́yìn náà ni Télọ̀ dara pọ̀ mọ́ wọn, obìnrin tó ń ránṣọ ní ìkángun òpópónà, ẹni tó sanra tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ó ní bí òun bá gun àtẹ̀gùn ilé òun, òun máa ń gbàgbé ohun tí òun ń wá lókè, òun á ṣáà máa wá èémí.

Èmi dara pọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn tí bàbá àwọn ọmọ mi kú. Mo gbé àga sójú fèrèsé, mo ń wo títì bí ẹni tó ń retí ẹni tí kò ní dé mọ́. Àwọn èèyàn wá, wọ́n tù mí nínú, wọ́n lọ. Ìyá Rọra kò tù mí nínú rárá. Ó gun òkè wá, ó wo ẹsẹ̀ mi tí ìjókòó ti mú wú, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n wá bá òun gbé báàgì òun, pé èjìká ń dun òun. Mo gbé báàgì títí a fi dé etí odò. Nígbà tó ṣí i, ìgò omi kan àti búrẹ́dì díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ọmọdé lè fi ìka kan gbé e.

Ọ̀nà mẹ́ta la máa ń rìn. Ti etí odò ló rọrùn jù. Wọ́n da ọ̀dà sí i, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, irin tí èèyàn lè dì mú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ náà lè gbà á. Omi ń lọ jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ òsì, ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn wà lọ́wọ́ ọ̀tún, Ìyá Rọra kì í sì í lè kọjá láìsọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí wọn ò fún dáadáa kí wọ́n tó sá a. Èkejì gba inú igbó kọjá. Ewé tó jábọ́ ló bo ilẹ̀ ibẹ̀, ó rọ orúnkún lọ́rùn, àmọ́ èèyàn ní láti máa wolẹ̀ nítorí gbòǹgbò. Ibẹ̀ ni Télọ̀ ti ń sọ pé àwọn àgbà tó ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ tan òun jẹ, pé òun ti rìn rìn rìn, gbogbo ọ̀kẹ́rẹ́ tí òun rí ló nàró ju òun lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti adágún. Òun ló gùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òkè kan níbẹ̀. Ó yí omi po, afárá onípákó kan sì wà níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, láàárín koríko gíga. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, ojú omi á máa hunjọ bí aṣọ tí wọn ò tíì lọ̀. Ẹni tó bá ti dé àárín afárá, iwájú kò yá ju ẹ̀yìn lọ fún un. Òun ni Ìyá Rọra fẹ́ràn jù.

Òfin kan ló fi ń darí wa. Ẹni tí ara rẹ̀ bá wúwo jù lọ́jọ́ náà ni yóò ṣíwájú, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọjá lára rẹ̀. Kí ojú má bàa ti ẹnikẹ́ni láti sọ ọ́, ó máa ń fi ìborùn yẹ́lò kan sórí bẹ́ńṣì àkọ́kọ́. Bí a bá ti ń so okùn bàtà, ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀ á mú un, á fi kọ́rùn, á bọ́ síwájú. A ò ní bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọgbọ́n obìnrin yìí. Nígbà mìíràn tí ara rẹ̀ le koko, bí ó bá rí i pé ẹnì kan ń wo ìborùn tí kò lè mú un, òun á yára mú un, á máa ṣe bí ìgbín níwájú wa, ẹni ọ̀hún á sì rí ìsinmi tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀. Dírẹ́bà nìkan ló máa ń bi í pé àṣírí ta ló tún ń bò.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì nílùú tó jìnnà sí wa. Ọmọ gidi ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó wá kí ìyá rẹ̀ lọ́dún yìí, ó rí i tó ń di ògiri mú kó tó dìde. Ó ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Màámi wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ìyá Rọra sọ fún mi pé ilé náà dára, pé ẹ̀rọ ló ń gbé èèyàn gòkè, ṣùgbọ́n kìkì mọ́tò ló wà nísàlẹ̀, kò síbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ sí. Wọ́n fà á títí, wọ́n wá fẹnu kò pé ọmọ yóò wá bá wa yí adágún ká ní Sátidé kan. Bí ó bá rí i pé ara ìyá rẹ̀ ṣì gbé e, ọ̀rọ̀ tán. Bí kò bá gbé e, ìyá yóò palẹ̀ ẹrù mọ́.

Láàárọ̀ Sátidé náà mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún wú rọ̀bọ̀tọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká sọ pé òjò ń bọ̀. Ó wo ojú ọ̀run tó mọ́ kedere, ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jẹ́ kí n mú ìborùn nígbà náà, kí n máa wọ́ ẹsẹ̀, ọmọ á rò pé nítorí tèmi la ṣe ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà wù ú.

A pàdé nídìí bẹ́ńṣì, ọmọ náà sì kí wa tọ̀yàyà-tọ̀yàyà. Mo ti ń na ọwọ́ sí ìborùn nígbà tí ọwọ́ ìyá rẹ̀ bò ó.

Dírẹ́bà ní, “Ìyá Rọra, àṣírí ta lẹ tún ń bò lónìí?”

“Tèmi ni. Èmi gan-an ni ara mi ò le.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Télọ̀ wo Dírẹ́bà, ó gbà pé ọkùnrin náà ló ń ṣàìsàn, ó ní kó jẹ́ kí òun bá a gbé kóòtù rẹ̀. Dírẹ́bà náà ti gbà pé Télọ̀ ni, ó ń bi í léèrè bóyá kí àwọn kọ́kọ́ jókòó. Wọ́n ṣe é títí tí Télọ̀ fi bi í pé ṣé òun jọ ẹni tí wọ́n fẹ́ lọ sin ni. Nígbà tí ọmọ fẹ́ mọ ohun tó ń lọ, Dírẹ́bà fi ìyangàn ṣàlàyé ìborùn fún un, ó ní irin ni ìyá rẹ̀, pé nítorí tàwọn ló ṣe ń díbọ́n. Mo rí ọmọ náà tí ojú rẹ̀ tú ká. Ó gbà á gbọ́. Ká ní Ìyá Rọra dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó rìn dé àárín afárá kó tó dúró. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ afárá mú, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Wọn ò parọ́ fún ọ o, wọn ò mọ̀ ni. Orúnkún ń pa mí kú lọ.”

Ó bá jókòó sórí pákó. Ọmọ yọ fóònù, ó ń wá ẹni tí yóò fi mọ́tò wá gbé e, ṣùgbọ́n mọ́tò kì í débẹ̀. Ìyẹn ló ń wá lọ́wọ́ tí àwa fi ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan, bí a ti máa ń ṣe fún ẹnikẹ́ni. Télọ̀ bọ́ bàtà rẹ̀, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá ẹni tí yóò jẹ́ kí òun sinmi. Mo pín búrẹ́dì. Nígbà tó yá, ọmọ náà jókòó. Ó bi wá pé bí ìyá òun bá ṣubú nílé ńkọ́, ta ni yóò gbọ́. Mo sọ fún un pé èmi tí mo wà lókè máa ń gbọ́ bí ó bá gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀ láàárọ̀, pé ọjọ́ tí mi ò bá gbọ́ ọ, mo máa ń sọ̀ kalẹ̀. Ó kọjú sí ìyá rẹ̀.

“Màámi, mo ti gbà á gbọ́ pé ara yín le. Kí ló dé tí ẹ sọ fún mi?”

Ìyá Rọra fi ọwọ́ tẹ́ ìborùn tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó ń nà án bí ẹni pé ó fẹ́ lọ̀ ọ́. Ó ní, “Gbogbo àwọn wọ̀nyí ń mú nǹkan yìí lójú mi, ojú ò tì wọ́n. Ṣé lójú tìẹ ni ojú á wá máa tì mí?”

Ọmọ gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún náà.

Dírẹ́bà fún Ìyá Rọra ní ọ̀pá rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ di apá Télọ̀ mú, bẹ́ẹ̀ la ṣe yí omi náà ká, a pẹ́ kí a tó délé. Ọmọ kò mú un lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ mọ́. Ó mú un lọ rí dókítà orúnkún, ó sì bá a ṣe àdéhùn: kó máa lo ọ̀pá, kó máa sọ̀rọ̀ bí nǹkan bá ń dùn ún, kó sì fi ọ̀nà adágún sílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí dùn ún wọra, ṣùgbọ́n ó gbà. Mo ti rí àwọn tí wọn kì í fi ohunkóhun sílẹ̀, títí ohun gbogbo fi já gbà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Etí odò ni ìrìn rẹ̀ mọ báyìí, láti bẹ́ńṣì dé bẹ́ńṣì. Dírẹ́bà ló ń mú àwọn tó kù lọ sí adágún. Bí a bá ti ń bọ̀, a ó bá Ìyá Rọra níbi tó jókòó sí, kò ní kọ́kọ́ béèrè ẹni tó rẹ̀. Á bi wá bóyá atẹ́gùn fẹ́ sí omi náà, bóyá koríko ti ga ju afárá lọ, bí ìyá ṣe ń béèrè ọmọ tó rán lọ sí iléèwé lọ́nà jíjìn, àwa náà á sì rò ó fún un, gbogbo rẹ̀ pátá.