Ọwọ́ Tí Kò Ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó ń gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, tí kì í ní kí ẹnikẹ́ni lọ kó tún padà pe Òun. Bí mo ṣe gọ̀ tó ní kékeré, Ó dá mi sí, Ó sì jẹ́ kí n dàgbà débi tí mo fi lè fi ara mi ṣẹ̀fẹ̀. Alihamdulilahi.

Òórùn obì ló máa ń jí mi ní Ìlá. Kì í ṣe ti obì tí wọ́n ti ṣà tán o. Obì gbànja tí wọ́n rẹ sómi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rà ni mo ń wí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé nǹkan kú sẹ́yìnkùlé. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ń ṣòwò obì náà. Bí a bá ti kírun àsùbáà tán, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ. Á jókòó sórí àpótí, á ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi tó ti tutù mọ́jú, á máa bó obì, á máa jù ú sínú agbọ̀n tí wọ́n tẹ́ ewé gbòdògì sí. Bó bá fọwọ́ yẹn kan èèyàn láàárọ̀, onítọ̀hún á fò sókè. Èmi máa ń sá fún un ni.

Màmá mi ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà níwájú ilé wa. Bàbá mi wà l'Ékòó, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ jórinjórin. Ọdún nìkan ló ń gbé e wálé, ṣùgbọ́n fóònù ò jẹ́ ká mọ̀ pé kò sí nílé. Bó bá pè nírọ̀lẹ́, tí wọ́n sọ fún un pé ara mi gbóná, á ní kí Màmá mi gbé fóònù lé mi níwájú orí. Á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á pe oríkì mi, Àmọ̀kẹ́, á wá bẹ̀rẹ̀ àdúà. Ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n lórí eegun iwájú orí mi bíi kòkòrò tó há sínú páálí ìṣáná. Bó bá parí, á ní kí wọ́n fún mi lóògùn. Màá ṣe àmíìn, màá gbé oògùn mì, bó bá sì fi máa di ọjọ́ kejì, mo ti ń sáré kiri àgbàlá.

Ẹ wá wo bí mo ṣe ṣírò ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn mi. Fóònù ló ń wò mí sàn, oògùn kàn ń sìn ín wá ni. Láìsí àdúà orí fóònù, oògùn ò yàtọ̀ sí ẹfun. Mi ò bi ẹnikẹ́ni bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó bá gbọ́n lójú ara rẹ̀ kì í béèrè ọ̀nà.

Ìgbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ. Kì í ṣe àdúgbò wa nìkan. Àwọn ọlọ́kadà tó lọ sí Òkè-Ìlá padà wá wí pé bákan náà ló rí níbẹ̀. Àwọn tó gba ọ̀nà Ọ̀tan lọ ní àwọn náà ò rí nǹkan kan. Àwọn kan ní wáyà ńlá kan ló já lábẹ́ ilẹ̀, àwọn kan ní òpó ló jóná. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin ń gun àpáta ẹ̀yìn ilé-ìwé wa, wọ́n ń na fóònù sókè bí ẹni tó ń fi oúnjẹ lọ ẹyẹ. Mo ń bọ̀ láti ilé-kéwú nígbà tí mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn sọ pé, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti kú pátápátá." Àáfáà wa ti kọ́ wa ní ohun tí mùsùlùmí ń wí bí wọ́n bá túfọ̀ fún un. Mo dúró, mo gbá wàláà mi mọ́ àyà, mo ní, "Innaa lillaahi wa innaa ilaehi raajiuun." Ọkùnrin náà wò mí títí. Ó ní, "Àmíìn, ọmọ mi."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ibà fi gbé mi dè. Ó mú mi ní ilé-ìwé, tíṣà ní kí n máa lọ sílé, ẹsẹ̀ mi sì ń kọ ara wọn lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, ara gbígbóná ti fa gìrì sí mi lára rí, Màmá mi ò sì gbàgbé ọjọ́ náà. Ó fi iṣẹ́ oníbàárà sílẹ̀ lórí máṣíìnì, ó gbé mi sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì fún wa ní hóró oògùn, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó lójú ẹsẹ̀. Ó tún fa Màmá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kó má jẹ́ kí ara mi gbóná ju báyìí lọ, torí pé ìlú mìíràn ni dókítà wọn ń gbé, kò sì sí fóònù tí wọ́n lè fi pè é.

A délé. Màmá mi lọ oògùn náà mọ́ ṣúgà nínú ṣíbí. Mo pa ẹnu dé. Mo ní kí Bàbá mi kọ́kọ́ ṣàdúà.

Ó ṣàlàyé fún mi. Ó bẹ̀ mí. Ó ní òun máa nà mí, àmọ́ kò rí ibi tí ìyà lè bà sí lára mi. Ó pa òwe rẹ̀ tó máa ń pa nígbà gbogbo, pé ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun le, òun ló máa kọ́kọ́ lanu. Mi ò lanu. Nígbà tó yá, ó gbé fóònù lé mi lórí, ó kọjú sí ògiri, ó wá mú ohùn nípọn bíi ti ọkùnrin, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà. Èmi tí mi ò lè gbé orí sókè, mo ṣì lókun láti yẹ iṣẹ́ wò: fóònù ò tan iná, kò gbọ̀n lórí eegun mi, ohùn náà sì jọ ti ewúrẹ́ tó há sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Màmi, ẹ ò wúkọ́."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, ẹ̀rín náà ti di ẹkún. Mo rí omijé rẹ̀, àjà ilé ń yí lójú mi, ètè mi ti ń sán, síbẹ̀ mo di eyín pọ̀. Ẹ ò rí olóòótọ́ ẹ̀dá.

Ẹkún yẹn ni Ìyá Àgbà gbọ́ tó fi dìde nídìí obì. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé mi níwájú orí, omi sì ń kán láti ìgunpá rẹ̀ sí mi lọ́rùn. Mo fi gbogbo ìmọ̀ kíláàsì kẹta tí mo ní ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fún un. Mo ní, "Ìyá, ọwọ́ yín ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì."

Màmá mi fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà ò gbé ọwọ́ kúrò. Ó ní, "Nígbà tí bàbá rẹ wà ní kékeré, tí ibà ń ṣe é, fóònù ta ni mo gbé lé e lórí?"

Mo ro ó títí. Mi ò rí fóònù kankan níbẹ̀.

"Ọwọ́ yìí náà ni. Àdúà tó ń fi ránṣẹ́ sí ọ láti Èkó, ọwọ́ mi ló ti gbà á. Ẹni tó jókòó sétí odò, kí ló ń wá ẹ̀rọ omi sí?"

Ilé olóbì ni wọ́n bí mi sí. Mo mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ń já obì lóko àti ẹni tó ń tà á ní gáréèjì. Ó wá yé mi pé alágbàtà ni Bàbá mi, pé ẹni tó ni ọjà gan-an ló ń kán omi sí mi lọ́rùn. Síbẹ̀ mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wúkọ́.

Ìyá Àgbà wúkọ́.

Ó pe oríkì mi, ó ṣàdúà, mo ṣe àmíìn, mo lanu. Oògùn náà korò ju ìbínú Màmá mi lọ. Ìyá Àgbà ò padà sídìí obì lọ́jọ́ náà àfi bó bá fẹ́ lọ ki ọwọ́ bọ omi kó tún gbé e wá tútù. Bí wọ́n ṣe ń pe ìrun aláásáárì, òógùn bò mí, mo sì sùn. Òórùn obì ló kún imú mi. Mo rò pé kò sí lọ́fínńdà tó dára tó o.

Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì jí, Bàbá mi pè pẹ̀lú ohùn ẹni tí kò tíì sùn. Bó ṣe gbọ́ pé ibà mú mi, ó ní kí wọ́n tètè gbé fóònù lé mi lórí. Mo sọ fún un pé a ti rà á lóko. Ìyá Àgbà gba fóònù náà, ó ní, "Gbé e lé orí ìwọ náà." Bàbá mi dúró láàárín irin l'Ékòó, ó gbé fóònù lé orí, ìyá rẹ̀ ń ṣàdúà fún un. Èmi ni wọ́n wá ń pè ní Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lágbo ilé wa. Títí di òní, àwọn kan wà níbẹ̀ tí kò mọ orúkọ mi mìíràn.

Ìyá Àgbà ti lọ, kí Ọlọ́hun fẹ ibojì rẹ̀. Tíṣà ni mí n'Íbàdàn báyìí, èmi náà sì ti bímọ. Láìpẹ́ yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri, ọjọ́ náà gan-an ni ara ọmọ mi gbóná. Mo fún un lóògùn, ẹ gbà mí lólùkọ́ dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbé fóònù, mo jáde, mò ń wá bí Màmá mi ṣe máa ṣàdúà fún un láti Ìlá. Mo gun àga, mo gun àtẹ̀gùn, mo na fóònù sókè bí àwọn àgbàlagbà orí àpáta. Nígbà tí ìpè náà wọlé, mo rojọ́ títí. Màmá mi béèrè pé báwo ni ara ọmọ náà ṣe rí báyìí. Mo ní mi ò mọ̀, ìta ni mo wà látàárọ̀.

Ó wá ní, "Ọwọ́ rẹ ńkọ́, Nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Àbí òun náà ò ní?"

Mo fi ara mi wé ọmọ kíláàsì kẹta yẹn, ó sàn jù mí lọ. Òun kàn pa ẹnu dé ni, ó dùbúlẹ̀ síbi tí ọwọ́ ti lè bá a. Èmi ni mo gbé ọwọ́ jáde nílé. Mo wọlé, mo ki ọwọ́ bọ omi tútù, mo gbé e lé ọmọ mi lórí. Mo wúkọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ilé yín. Lọ́jọ́ tí ara kò bá yá, kí ọwọ́ tó mọ oríkì yín má jìnnà, kó sì tutù dáadáa. Àmíìn.