Táyà Eléyín Tí Bàbá Bọ́ Sílẹ̀

Bàbá tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ táyà náà, ó gbé e sún mọ́ imú, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì tún tẹ̀ ẹ́. Rọ́bà tuntun máa ń rùn bíi kẹrosíìnì tó ti gbẹ sára aṣọ. Mo ṣì mọ òórùn yẹn dòní. Ó yí i lórí ilẹ̀ tútù tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù fọ́kanáísà, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ipa tó fi sílẹ̀. Ipa náà ò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

"Bàbá, ṣé táyà lẹ fẹ́ rà ni, àbí ìyàwó lẹ fẹ́ fẹ́?" Ẹ̀rín ni fọ́kanáísà fi ń sọ ọ́. "Láti àárọ̀ lẹ ti ń fọwọ́ pa á lára."

"Ìyàwó tó bá lè gbé mi kọjá òkè yangí yẹn, màá fẹ́ ẹ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Bàbá kọ́ ló bí mi o. Aládùúgbò wa ni, àgbàlá kan náà la jọ ń lò ní abúlé wa lẹ́yìn Ìgbógílà. Àgbẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní alùpùpù ńlá kan tí òyìnbó tó wá la ọ̀nà, tí Bàbá ń wakọ̀ fún nígbà kan, fi sílẹ̀ fún un. Irú èyí tí wọ́n ń gùn lọ sí ọ̀nà jíjìn ni. Ó ga, ó fẹ̀, ó wúwo bí abo màlúù tó lóyún. Bó bá ṣubú, ọkùnrin méjì ló ń gbé e dìde. Bó bá ń bọ̀ láti òkèèrè, a ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kó tó yọ.

Pọ́bẹ̀ ló máa ń gùn ún lọ. Ọ̀hún ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, kan ṣoṣo tó kù fún un, lọ́kọ sí, lápá ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ Faransé. Bó bá ti ń padà bọ̀, búrẹ́dì gígùn á yọrí nínú àpò ẹ̀yìn alùpùpù, àwa ọmọdé á sì sáré lọ pàdé rẹ̀. Nígbà yẹn, táyà eléyín ló ń lò, tí eyín kọ̀ọ̀kan tóbi tó àtàǹpàkò mi. Bí mo bá ń bá a fọ alùpùpù náà, á máa sọ fún mi pé:

"Títì ọlọ́dà fẹ́ táyà tó tẹ́jú. Ẹrẹ̀ fẹ́ eyín. Yangí ní tiẹ̀, eyín náà ló fẹ́, má sì fún un ní afẹ́fẹ́ jù. Táyà tó bá le jù, fífò ló ń fò lórí òkúta, kì í di ilẹ̀ mú."

Màmá mi á ní, "Bàbá, obìnrin lọmọ yìí o. Ibo ló ti fẹ́ wa máṣíìnì?"

"Á jókòó sẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn náà yẹ kó mọ ohun tó ń gbé òun."

Ni ìjọba sójà bá ti bọ́dà pa. Àwọn tó ń gbé epo bẹntiróòlù gba inú igbó ń lo táyà eléyín, torí ẹrẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọ ipa rẹ̀ bí ọdẹ ṣe ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Wọ́n á tọ ojú eyín náà wọ àgbàlá èèyàn, wọ́n á sì gbé máṣíìnì rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé ti aládùúgbò wa kan, bẹ́ẹ̀ gaàrí lásán ló ń fi kó. Bàbá ò lọ sí Pọ́bẹ̀ mọ́.

Obìnrin oníyọ̀ kan tó máa ń gba inú igbó kọjá ló jẹ́ iṣẹ́ fún un. Kò tilẹ̀ sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, àbúrò yín dùbúlẹ̀. Kò jẹun mọ́. Ó ní kí ẹ wá, kí òun rí yín."

Ohun tó gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà nìyẹn. Kò sí ohun tó ṣe táyà eléyín. Ó bọ́ ọ, ó gbé e ti ìdí igi máńgòrò, ó fi èyí tó tẹ́jú rọ́pò rẹ̀.

Màmá mi ní, "Bàbá, ẹ rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yangí yẹn o. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n yangí ò lè fi mí sùn. Eyín táyà lè fi mí sùn lọ́dọ̀ aṣọ́bodè. Bí wọ́n bá gba alùpùpù yìí, kí ni màá fi máa lọ wò ó?"

Ó di iṣu mọ́ ẹ̀yìn, ó ki aṣọ tuntun kan bọ inú àpò, ó lọ nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Èéfín bẹntiróòlù dúró lágbàálá lẹ́yìn rẹ̀.

Oòrùn ò tíì kan àtàrí tí àwọn àgbẹ̀ fi gbé e padà wá lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ lára ahéré. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn gan-an ni òkúta wẹ́wẹ́ ti yọ̀ lábẹ́ táyà, bí ìgbà téèyàn bá tẹ ẹ̀kùrọ́ tó dà sílẹ̀. Alùpùpù náà wó lé e lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí aṣọ́bodè kankan lójú ọ̀nà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òjò ńlá rọ̀. Onítọ́jú eegun ń di ọparun mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, Bàbá ń gbọ́ òjò lórí páànù. Kò ké. Ó kàn sọ pé, "Òjò yìí ì bá ti fọ ojú eyín náà dànù."

Ọparun ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí obìnrin oníyọ̀ tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọ ẹrù kalẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, màmá mi sì bú sẹ́kún.

Bàbá bi í pé, "Ṣé ó béèrè mi?"

"Bàbá, títí tó fi lọ ló ń sọ pé òun ń gbọ́ ohùn alùpùpù."

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà, ẹ̀yìn alùpùpù ẹlòmíràn ni Bàbá jókòó sí lọ wo sàréè àbúrò rẹ̀. Ó ra búrẹ́dì gígùn bọ̀. Ó pín in fún wa, kò tọ́ ọ wò. Adìẹ ń yé ẹyin sínú táyà eléyín lábẹ́ máńgòrò. Bàbá á jókòó tì í, á máa ti ìka bọ àárín eyín rẹ̀.

Èmi náà ti di ìyá àgbà. Ó ṣì ń dùn mí pé Bàbá mọ èyí tó yẹ kó yàn, ìbẹ̀rù ló yan òmíràn fún un. Mi ò dá a lẹ́bi. Nígbà tó ń kọ́ ìmọ̀ táyà, ilẹ̀ nìkan ló ń rò, kò ro aṣọ́bodè mọ́ ọn.

Nígbà tí wọ́n tún ti bọ́dà pa láìpẹ́ yìí, iṣẹ́ dé pé ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣàìsàn ní Ìhunbọ, létí bọ́dà, ń béèrè mi. Àwọn ọmọ ní kí n ní sùúrù, pé aṣọ́bodè pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n pe ọlọ́kadà wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ti àtàǹpàkò mi bọ àárín eyín táyà ẹ̀yìn.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin náà ń ṣe fọ́kanáísà ni?"

Eyín náà jìn dáadáa. Mo gun ẹ̀yìn rẹ̀, a lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ohùn ọ̀kadà wa kí a tó dé ẹnu ọ̀nà.