Èsúrú Etí Oko

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì lè gbé korobá omi dé ilé láìdà á sára, ilé kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láyé, ilé bàbá mi ní Ìkàrẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí, ẹ̀yin ọmọ mi, torí ẹ̀yin a máa rò pé bí mo ṣe darúgbó yìí ni mo ṣe wá sáyé.

Káfíńtà ni bàbá mi, ó sì tún ń dáko. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ nígbà náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, àwọn èèyàn ń kọ́lé káàkiri Àkókó, wọ́n á pè é lónìí pé kó wá kan òrùlé ní Àkùngbá, wọ́n á pè é lọ́la ní Ìfira. Bó bá ti bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ pákó, oko ló kù. Ẹ̀yìn òkè ni oko rẹ̀ wà, lọ́nà Ọ̀kà, kò jìnnà sílé. Iṣu wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èsúrú ni bàbá mi fẹ́ràn jù.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú yín má mọ èsúrú mọ́. Ó jọ iṣu, kì í sì í ṣe iṣu. Ewé rẹ̀ a máa yọ ní mẹ́ta-mẹ́ta lórí igi kan, ìtàkùn rẹ̀ a gun ọ̀pá lọ sókè, àwọn kókó rẹ̀ a sì wọ́ jọ sábẹ́ ilẹ̀ bí ìgbà tí ọmọ wẹ́wẹ́ bá yí ìyá wọn ká. Bí a bá bó o, inú rẹ̀ a pupa rúsúrúsú. A kì í wa èsúrú lónìí ká sè é lọ́la o. Bó bá ti sùn mọ́jú, ó ti le bí igi nìyẹn, iná kò ní rọ̀ ọ́ mọ́. Ọjọ́ tí a bá wà á náà là ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú epo pupa àti ata gígún.

Àwọn olè kò jẹ́ kí bàbá mi gbádùn èsúrú rẹ̀. Wọ́n á ti wà á kó tó débẹ̀. Nígbà tó sú u, ó wọ inú igbó lọ, ó mú irú èsúrú mìíràn wá, ó sì gbìn ín yí etí oko ká. Èsúrú là ń pe òun náà. Ewé mẹ́ta lòun náà ń yọ, ọ̀pá lòun náà ń gùn. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, òòyì á kọ́ ọ, á máa bì, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè gbé e lọ. Bàbá mi jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ládùúgbò pé ẹni tó bá wọ oko òun láìgbàṣẹ, ohunkóhun tó bá bá níbẹ̀ kó fara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ tó ń gbìn ín, ó pe èmi àti ìyá mi, ó na ìtàkùn méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ẹ wò ó dáadáa o," ó ní. "Èyí tí ẹ̀gún pọ̀ lára rẹ̀, tí inú rẹ̀ funfun, ohunkóhun kò gbọdọ̀ gbé yín débẹ̀."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó bá jí tiwa jẹ yóò pe ìyá rẹ̀ lórúkọ.

Ó ṣe díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n mú ìyàwó wọlé. Èmi nìkan ni ìyá mi bí. Àwọn ẹbí bàbá mi sọ̀rọ̀, wọ́n sọ̀rọ̀, títí bàbá mi fi lọ fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Ọ̀kà. Ọmọ náà ga, ó dúdú, eyín rẹ̀ funfun, kò sì lè ṣiṣẹ́ kó má kọrin. Ohùn Ọ̀kà wà lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Bó bá sọ̀rọ̀ tán, ìyá mi á sín in jẹ lẹ́yìn ilé, á sì máa wojú mi bóyá màá rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti rí owú láyé mi, ṣùgbọ́n mi ò rí irú ti ìyá mi. Bí bàbá mi bá ra aṣọ kan náà fún àwọn méjèèjì, ìyá mi á tan tirẹ̀ sójú oòrùn, á ní ti ìyàwó ló nípọn jù. Bí ìyàwó bá gbálẹ̀, ìyá mi á tún un gbá. Ìyàwó dirun fún mi nígbà kan, ó dì í dáadáa, mo ń fi yangàn kiri. Bí mo ṣe wọlé, ìyá mi jókòó tì mí, ó tú gbogbo rẹ̀, ó tún un dì, ó sì fà á le tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè pa ojú dé. Bí ìyàwó bá ṣe ara lóge díẹ̀, ìyá mi á kàn sọ ọ́ sí afẹ́fẹ́ pé, "Èsúrú ṣe fújà, ó tẹ́ lọ́wọ́ oníyán." Ìyàwó á gbọ́. Á kàn gbé orin mìíràn.

Èyí tó dun ìyá mi jù ni oúnjẹ. Lọ́jọ́ tó bá kan ìyàwó láti se oúnjẹ, ìyá mi á jókòó sí yàrá, á máa tẹ́tí. Bí bàbá mi bá ti ní, "Ìyàwó, ọwọ́ rẹ dùn o," ìyá mi kò ní lè jẹun mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá mi ń lọ kan òrùlé ní Àkùngbá. Ìyá mi gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ dání, ó fẹ́ gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi gba àpò lọ́wọ́ ìyá mi, ṣùgbọ́n ìyàwó ló kọjú sí.

"Èsúrú ni mo fẹ́ jẹ bí mo bá dé," ó ní. "Ìyàwó, ìwọ ni kó o sè é."

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ẹlòmíràn tó se èsúrú rí nínú ilé yẹn àfi ìyá mi. Bàbá mi ti bá tirẹ̀ lọ. Kò mọ ohun tó sọ.

Ìyàwó mú agbọ̀n àti ọkọ́, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi tó ń ṣa ẹ̀wà. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ni kí n ti wà á?"

Ìyá mi kò gbójú sókè. "Ṣé èsúrú kì í ṣe èsúrú ni? Ibi tó o bá ti bá a, wà á."

Mo la ẹnu. Ìyá mi wá gbójú sókè, ó wò mí. Ẹni tó bá mọ ìyá mi yóò mọ̀ pé ojú yẹn kò ní ìtumọ̀ méjì. Mo pa ẹnu mi dé.

Nígbà tí mo dàgbà, ìyá mi sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́jọ́ náà fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé èyí etí oko korò. Òun rò pé bàbá mi yóò bù ú sẹ́nu, yóò tu ú dànù, yóò sì bú ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo ilé. Ẹ̀tẹ́ lòun ń wá fún un, kì í ṣe ikú. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ló kù nínú ilé yẹn tí òun mọ̀ tí ìyàwó kò mọ̀, ọwọ́ òun kò sì lè yọ̀ǹda rẹ̀.

Ìyàwó dé láti oko, òógùn bò ó, ó ti wa èsúrú kún agbọ̀n. Ó bó o, ó gbé e kaná, ó ń kọrin. Ìyá mi wà ní yàrá. Nígbà tó yá, a ò gbọ́ orin mọ́.

"Lọ wò ó," ìyá mi sọ fún mi.

Mo bá ìyàwó nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ilé ìdáná, ó fẹ̀yìn ti ògiri, àwo èsúrú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì ti jẹ ẹ́ ju ìtọ́wò lọ. Ojú rẹ̀ ń yí. Ó ní, "Òòyì ń kọ́ mi. Nǹkan yìí korò. Mo rò pé ẹnu mi ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí gbogbo nǹkan ti ń korò lẹ́nu mi, àárọ̀ ni èébì fi ń gbé mi. Bàbá nìkan ló mọ̀. Mo ní kí n má pariwo, kí Ìyá má baà fi mí ṣẹ̀sín."

Mi ò mọ̀ pé ìyá mi ti dé ẹ̀yìn mi. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ oyún ni, ó yé e kó tó yé mi. Ó dúró. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó di fèrèmù ilẹ̀kùn mú, ó dì í pinpin. Ọmọ tí àwọn ẹbí bàbá mi ti ń wá lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ yìí nìyẹn, inú ẹlòmíràn ló wà. Kó tó di pé mo tún mí, ó ti gbé ìkòkò náà, ó dà á sẹ́yìn ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀ níwájú ìyàwó.

"Gun ẹ̀yìn mi!"

Ìyàwó ga jù ú lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ìyá mi pọ̀n ọ́n bẹ́ẹ̀ dé títì, ó ń pariwo, ó ń ju ọwọ́, títí ọkọ̀ akérò kan fi dúró. Ó ń gbá a létí nínú ọkọ̀ pé, "Má sùn! Kọrin! Ìwọ tí o kì í dákẹ́, kọrin fún mi!"

Ní ọsíbítù, nọ́ọ̀sì béèrè ohun tó jẹ.

"Èsúrú etí oko," ìyá mi ní. "Májèlé ni. Oyún sì wà nínú rẹ̀."

"Ṣé kò mọ̀ pé májèlé ni?"

"Kò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀. N kò sọ fún un."

Nọ́ọ̀sì náà wò ó, ó yára wọlé.

Bàbá mi dé ní ìrọ̀lẹ́, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n ti ṣe ìtọ́jú ìyàwó, ó ti bì, ojú rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi, kò fi ọ̀kan pamọ́. Bàbá mi gbọ́ ọ tán, ó ní, "Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, di ẹrù rẹ, máa lọ sílé bàbá rẹ."

Ìyàwó ló dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Bàbá, ta ló gbìn ín?"

Bàbá mi yíjú sí i.

"Ẹ mú Ìyá dé oko, ẹ fi hàn án. Ẹ mú ọmọ kékeré yìí pàápàá débẹ̀. Èmi ńkọ́? Ẹ̀ẹ́ bá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ́ ní ọwọ́ mi dùn, ṣùgbọ́n Ìyá lẹ máa ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ oko, ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ẹbí, mo máa ń gbọ́ yín láàárọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Inú mi a máa ru. Bí ẹ bá lé Ìyá lọ, ta ni yóò sọ gbogbo ohun tí ẹ kò sọ fún mi?"

Ẹ bá mi wo ojú ìyá mi! Láti ọjọ́ tí ọmọbìnrin yẹn ti wọlé, kò wá sí i lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan rí pé ẹnì kan lè máa jowú òun. Ó jókòó sórí àga. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lórí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò di ẹrù.

Oyún náà dúró. Nígbà tí ara ìyàwó yá, ìyá mi mú un lọ sí oko, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ó di ọwọ́ ìyàwó mú, ó fi kan ẹ̀gún ara ìtàkùn etí oko, ó tún fi kan ti inú oko. Ó la méjèèjì, ó fi inú wọn hàn án, ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa rúsúrúsú.

"N kò fẹ́ràn rẹ, ìyàwó," ó ní. "N kò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó o kú."

"Èmi náà kò fẹ́ràn yín, Ìyá," ìyàwó fèsì. "Ẹ tún fi èyí hàn mí, mi ò tíì rí i dáadáa."

Lẹ́yìn náà, bàbá mi hú gbogbo èyí tó wà ní etí oko, ó dáná sun ún. Ó ní kí olè máa jí i. Ìyàwó bí ọkùnrin. Ẹ má sì rò pé owú tán o. Kò tán. Wọ́n jowú ara wọn títí bàbá mi fi kú, wọ́n sì tún jowú lẹ́yìn ikú rẹ̀, lórí ẹni tó mọ ohun tó sọ kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n inú ilé kan náà ni wọ́n jọ gbé, wọn kò túká.

Nígbà tí ìyá mi di arúgbó tí kò lè dìde mọ́, Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Màá se oúnjẹ tó dára, màá dì í sínú kúlà, màá wọkọ̀ wá sí Ìkàrẹ́. Ìyá mi á tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, á gbé ojú kúrò. "Ìyàwó dà?" Ìyàwó tí orí rẹ̀ ti funfun, tí òun náà ń fi ọ̀pá rìn, yóò wọlé, yóò fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún un, wọn yóò sì máa bú ara wọn bó ṣe ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Màá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Èmi tó bí, èmi ọmọ kan ṣoṣo! Ohun tó ń ṣe mí nínú nígbà náà, mo mọ orúkọ rẹ̀.

Ayé ti yí. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti bo oko yẹn, èsúrú pàápàá kò pọ̀ lọ́jà mọ́, bí mo bá sì fi ìtàkùn méjèèjì síwájú yín lónìí, kò sí ẹni tí yóò mọ èyí tí yóò pa á. Èmi nìkan ni ọkọ mi fẹ́, mo sì dúpẹ́ fún un títí ó fi lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi wà káàkiri, ẹ̀ ń pè mí lórí fóònù, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ bá rọ̀, tí mo bá bu oúnjẹ fún ara mi, tí kò sí ẹni tí yóò bú mi pé iyọ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ má rẹ́rìn-ín o: mo máa ń jowú ìyá mi.